Èènì lórí èènì: àṣìṣe tí ẹ̀ ń ṣe bí ẹ bá ń fojú díwọ̀n ẹ̀rọ amúlétutù àti amúlégbóná

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún gbé àwòrán ilé kan wá kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé náà ò tíì kúrò lórí bébà. Ayàwòrán ilé ṣì ń rò ó bóyá àtẹ̀gùn á wà lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Àmọ́ ọ̀dọ́ ẹnjiníà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kílówáàtì 412.7 ni ilé náà máa lò fún ìtutù. Ẹ wo ojúàmì yẹn. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ibi tí fèrèsé rẹ̀ máa kọjú sí, ó ti mọ èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn 412. Mo bi í bó ṣe rí i. Ó ní, "Ọ̀gá, mo fi nọ́ńbà tí a máa ń lò sọ ìtóbi ilé di púpọ̀, mo wá fi díẹ̀ kún un." Díẹ̀ wo? Ó dákẹ́.

Nítorí "díẹ̀" yẹn ni mo ṣe jókòó kọ eléyìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹnjiníà, mi ò ní kọ́ yín ní bí ooru ṣe ń gba inú ògiri kọjá. Ẹ ti kọ́ ọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni owó tí ẹ̀ ń bá àwọn onílé ná dànù kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rárá.

1. Nọ́ńbà kan fún gbogbo ilé

Gbogbo wa la mọ èyí tí àwọn àgbà fi sílẹ̀: tọ́ọ̀nù kan fún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 400. Agbára ìtutù ni tọ́ọ̀nù yìí ń wọ̀n: tọ́ọ̀nù kan jẹ́ BTU 12,000 (BTU ni ìwọ̀n ooru) ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi kílówáàtì 3.5. Ayé ìgbà tí wọ́n ń fi yìnyín mú nǹkan tutù ni orúkọ náà ti wá. Ooru tó máa yọ́ tọ́ọ̀nù yìnyín kan tán láàárín wákàtí 24 ni. Tí ẹ bá yí i padà, ó jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 95 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò burú. Gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, ó burú gan-an.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá ọ́fíìsì kan tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 100, tí èèyàn mẹ́wàá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó jókòó ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ń tú nǹkan bíi wáàtì 130 sílẹ̀: 75 jẹ́ ooru gidi, 55 jẹ́ ọ̀rinrin láti inú èémí àti òógùn. Àwọn mẹ́wàá di 1,300. Iná LED, wáàtì 8 lórí mítà kọ̀ọ̀kan: 800. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tó ń fa wáàtì 100 lọ́kọ̀ọ̀kan: 1,000. Afẹ́fẹ́ ìta tí ìlànà 62.1 ti ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà amúlétutù àti amúlégbóná ní Amẹ́ríkà, béèrè fún ọ́fíìsì jẹ́ lítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún èèyàn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú lítà 0.3 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Lítà 55 ni wọ́n máa jẹ́ níbí. Bí ìta bá jẹ́ 35°C tí inú sì jẹ́ 24°C, ooru tó ń bá a wọlé jẹ́ wáàtì 726. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò tíì pé 4,000.

Ó wá ku gíláàsì. Ẹ gbé mítà onígun mẹ́rin 20 sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ lù ú ní wáàtì 600 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì tó ń jẹ́ kí ìdá 0.7 wọlé á gbé 8,400 wọ yàrá. Èyí tó ń jẹ́ kí 0.3 péré wọlé á gbé 3,600. Yàrá kan náà, èèyàn kan náà, àga kan náà: ó jẹ́ kílówáàtì 12.2 tàbí 7.4, mi ò sì tíì ka ògiri, òrùlé àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ìta. Nọ́ńbà àwọn àgbà ní 9.5. Kò bá èkíní mu, kò bá èkejì mu. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ayàwòrán kì í ṣe "báwo ni ilé náà ṣe tóbi tó?" Gíláàsì wo, ó pọ̀ tó báwo, ibo ló kọjú sí? Ìyẹn lẹ máa bi í.

2. Kílówáàtì ìtutù kì í ṣe kílówáàtì iná

Ẹ̀rọ tó ń kó kílówáàtì ooru 3.5 jáde nínú yàrá lè máa fa nǹkan bíi kílówáàtì iná kan péré. Ẹ má gbé nọ́ńbà àkọ́kọ́ fún oníṣẹ́ iná bí ẹni pé èkejì ni. Àwọn tó ń fi họ́ọ̀sì páwà pe ẹ̀rọ ló tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ yìí.

3. Oòrùn méjì lójú ọ̀run

Èmi ni mo jẹ̀bi eléyìí, kí ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni mò ń bú. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fà iṣẹ́ ńlá lé mi lọ́wọ́, mo wá ìgbà tí ooru ti pọ̀ jù nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, mo ro gbogbo wọn pọ̀, mo sì fi àpapọ̀ náà yan ẹ̀rọ àárín gbùngbùn, èyí tó ń sin gbogbo ilé. Yàrá ìlà-oòrùn gbóná jù láàárọ̀, ti ìwọ̀-oòrùn gbóná jù nírọ̀lẹ́, èmi sì kó wọn pọ̀ bí ẹni pé oòrùn méjì ló ń ràn. Ọ̀gá mi wo ìwé náà, ó bi mí pé, "Aago mélòó lèyí?" Mi ò rí èsì fọ̀. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ bú ẹnì kan, ìbéèrè yẹn náà ni mo máa ń bi í.

Ooru tó pọ̀ jù ní yàrá kan ni ẹ máa fi yan ohun tó ń tú afẹ́fẹ́ sí yàrá yẹn. Ooru gbogbo ilé ní wákàtí kan ṣoṣo tó burú jù ni ẹ máa fi yan ẹ̀rọ àárín gbùngbùn.

4. Kíka oòrùn àti èèyàn mọ́ ohun tó ń mú ilé gbóná

Ìdájí ni òtútù máa ń mú jù. Kò sí oòrùn, kò sẹ́nì kankan nínú ilé, iná ò tàn. Ẹ ṣírò ẹ̀rọ amúlégbóná fún wákàtí yẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta, ẹ wo agbára rẹ̀ ní ìwọ̀n òtútù ibi tí ẹ ti ń kọ́lé. Kátálọ́ọ̀gù sábà máa ń kọ ti 7°C sí iwájú, agbára yẹn sì ń wálẹ̀ bí òtútù bá ṣe ń le sí i, ní àkókò gan-an tí ilé nílò rẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ mi gan-an ló wá kàn báyìí, kò sì ní gba nọ́ńbà.

Gbogbo yín lẹ mọ èènì. Ẹni tó ń tajà bu díẹ̀ lé e kí inú oníbàárà lè dùn. Nídìí iṣẹ́ tiwa, èènì la fi ń bo ìbẹ̀rù wa mọ́lẹ̀. Ká ní ẹrù ooru ilé kan, ìyẹn ooru tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kó jáde, jẹ́ kílówáàtì 100. Ẹni tó ń ka èèyàn àti kọ̀ǹpútà bu ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé tiẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé wọ́n á pọ̀ sí i: 110. Ẹni tó ń lo sọ́fítíwíà bá àpótí kan níbẹ̀ tí ẹnì kan ti kọ 15 sí láti iṣẹ́ àná, kò fọwọ́ kàn án: 126.5. Ìwé dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá ní, "Ẹ fi ogún nínú ọgọ́rùn-ún kún un, a ò mọ̀la": 151.8. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ, kò sí 152 nínú kátálọ́ọ̀gù rẹ̀, ó gbé 160 wá. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹlòmíràn ti bu tiẹ̀ lé e.

Èyí tó tún dùn mí jù ni pé 100 àkọ́kọ́ yẹn ti ní èènì nínú tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá lo ojú ọjọ́ 0.4% tí ASHRAE ń tẹ̀ jáde, ìwọ̀n ooru tí ìta kì í kọjá ju nǹkan bíi wákàtí 35 lọ nínú 8,760 tó wà nínú ọdún ni ẹ lò. Ẹ tún kó gbogbo èèyàn sórí àga wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ tan gbogbo iná, ẹ ká gbogbo aṣọ fèrèsé kúrò. Ọjọ́ wo nirú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń wá?

"Ó ṣáà sàn kó ṣẹ́ kù ju kó má tó lọ." Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ fẹ́ sọ nìyẹn. Èmi náà sọ ọ́ rí, pẹ̀lú ẹnu ara mi, níwájú onílé. Ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ni mo yàn fún un, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ò mọ̀ ju kó tàn tàbí kó kú. Kò pé ọdún tí bàbá náà pè mí. "Ẹnjiníà, ẹ wá wo ohun tí ẹ tà fún mi." Nígbà tí mo débẹ̀, yàrá ìpàdé tutù bí ibi tí wọ́n ń kó ẹja sí, síbẹ̀ ara gbogbo èèyàn ń lẹ̀. Bébà orí tábìlì ti rọ̀. Òórùn èbu ti wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Mo kọ́kọ́ dá ẹni tó so tẹ́mósítáàtì, ohun tó ń sọ fún ẹ̀rọ ìgbà tó máa tàn àti ìgbà tó máa kú, lẹ́bi, lẹ́yìn náà mo dá àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn lẹ́bi. Mo wá dúró ti ẹ̀rọ pẹ̀lú aago ọwọ́ mi: ó tàn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó kú, ó tún tàn.

Bàbá náà wá bi mí pé, "Àbí kò lágbára tó ni? Ṣé ká ra ìkejì kún un?"

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀rọ náà ti lágbára jù. Irin tútù inú rẹ̀ ní láti wà ní títutù fún ìgbà díẹ̀ kí omi inú afẹ́fẹ́ tó pọ̀ lára rẹ̀, kó sì kán lọ sínú páìpù. Bí ẹ̀rọ bá tóbi jù, yàrá á ti tutù kí omi tó kán. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ á kú, fáànù á ṣì máa fẹ́, omi tó wà lára irin á sì padà sínú yàrá. Ara èèyàn ò balẹ̀, wọ́n á fa tẹ́mósítáàtì wálẹ̀ sí i, yàrá á wá tutù, á sì tún rin. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tún ìṣirò mi ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún, ilé náà ò lò tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ohun tí mo gbé fún un. Mi ò lè sọ fún bàbá náà pé èènì ló ń pa á lára. Mo sọ fún un pé a máa "tún ètò rẹ̀ tò".

Bọ́ílà tó tóbi jù náà ń ṣe irú ẹ̀, yóò máa tàn, yóò máa kú, títí ara rẹ̀ á fi bàjẹ́. Èènì yẹn ò sì dúró sára ẹ̀rọ nìkan: páìpù á tóbi, ọ̀nà afẹ́fẹ́ á tóbi, wáyà á nípọn, tiransifọ́mà á wúwo, yàrá ẹ̀rọ á jẹ nínú ilẹ̀ tí onílé fẹ́ lò. Bí ayàwòrán bá sì ti yà wọ́n, ta ló máa lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un yà?

Nítorí náà, ibì kan ṣoṣo ni kí èènì wà: ìlà tó kẹ́yìn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó bù ú àti ìdí tó fi bù ú. Gbogbo ìlà tó wà lókè rẹ̀, òótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà yín, ẹ pín in sí ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ̀rọ tó lè dín ìyára kọ̀ńpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kù máa ń ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ òun náà ní ibi tí kò lè rẹlẹ̀ kọjá.

Àwọn tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn.

Wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tó ń fà. Ohun tó ń fà gan-an sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sí ìdajì.

Ẹ yé lo fáìlì àtijọ́ tó ṣì ń ka iná sí wáàtì 20 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. LED ti dé tipẹ́.

Gbàgede tí sílìn rẹ̀ ga tó àjà méjì kì í ṣe yàrá lásán tí ẹ kàn máa fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣírò.

Afẹ́fẹ́ ìta: níbi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀, omi inú rẹ̀ lè wúwo lọ́rùn ẹ̀rọ ju ooru rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó fi tẹmpiréṣọ̀ nìkan ṣírò rẹ̀ ti fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Níbí nìkan ni mo ti máa ń rí i kí wọ́n ṣírò kéré, àwọn kan náà tó ti bu èènì sí gbogbo ibòmíràn.

Àárín ilé tó fẹ̀, tí kò sún mọ́ ògiri ìta, lè máa fẹ́ ìtutù nígbà tí òtútù ń mú níta. Ẹ má so ó mọ́ yàrá etí fèrèsé.

Ẹ sì sọ fún ayàwòrán bí sílìn ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àyè ló nílò lọ́wọ́ yín ju kílówáàtì lọ.

Ní ti ọ̀dọ́ tó ní 412.7, a jọ jókòó, a wá "díẹ̀" rẹ̀ kiri inú fáìlì. Ibi mẹ́ta la ti rí i. Nígbà tí a yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, a kọ ọ́ pé láti 230 dé 310, a sì kọ sábẹ́ rẹ̀ ohun tó máa mú un lọ sókè tàbí wálẹ̀. Ó pe ayàwòrán láti béèrè ibi tí gíláàsì ńlá máa kọjú sí. Ayàwòrán ní òun ò tíì mọ̀. Ọ̀dọ́ náà yíjú sí mi, ó bi mí pé kí lòun máa kọ síbẹ̀ báyìí. Mo ní kó kọ ọ́ pé ayàwòrán ò tíì mọ̀.