Bí A Ṣe Kọ́ Ilé fún Àwọn Aláìnílé ní Agboolé Wa

Nígbà tí Mọ́gàjí ní kí n dúró ti iṣẹ́ náà, ohun tó wà nílẹ̀ kò ju ilẹ̀ ẹbí kan nítòsí Òkèlélé ní Ìlọrin, owó ṣààká tí a kó jọ, àti àwọn tí wọ́n ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù: àwọn ìyá alábàárù, baba kan tí ògiri rẹ̀ wó lásìkò òjò, obìnrin kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì. Ọmọbìnrin ayàwòrán ilé tó gbà láti bá wa ṣe é láìgbowó ti ya nǹkan wá: gbọ̀ngàn ńlá kan, bẹ́ẹ̀dì lọ́tùn-ún lósì. Ó dára lójú ìwé.

Èmi àti òun fi eérú fa ìlà ilé náà sílẹ̀, bó ṣe máa tóbi gẹ́lẹ́, a ní kí àwọn tí yóò gbé e wọ inú rẹ̀. Ìyá kan dúró láàárín, ó wò yíká.

"Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Níbo ni n ó ti pààrọ̀ aṣọ? Níbo ni n ó ti àpótí mi mọ́?"

A fi ẹsẹ̀ pa eérú rẹ́. Àwọn fúnra wọn ló fa ìlà kejì: yàrá kéékèèké, kálukú pẹ̀lú ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ọ̀nà àwọn obìnrin lọ́tọ̀, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ibi ìdáná lábẹ́ àtíbàbà, ibi àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ọmọ wa ayàwòrán jókòó sílẹ̀, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn nilé náà ti parí. Ìyókù kò ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ amọ̀ ló wá dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Baba tí ilé rẹ̀ wó ní, "Ṣé amọ̀ tó wó lé mi lórí náà lẹ tún fẹ́ fi kọ́ ọ?" Ọmọ wa fi ilé ẹ̀kọ́ Gando ní Burkina Faso hàn án lórí fóònù, èyí tí Francis Kéré, ayàwòrán ilé tó jẹ́ ọmọ abúlé náà, bá àwọn ará ibẹ̀ kọ́ tán ní 2001, tí amọ̀ àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Kéré yìí ló gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn ayàwòrán ilé lágbàáyé, ní 2022, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Baba wò ó pẹ́, ó ní, "Ṣé òjò ibẹ̀ tó ti Ìlọrin?" Kò tó o. Ìdí nìyí tí a fi fi òkúta gbé ìpìlẹ̀ dé orúnkún, tí a sì jẹ́ kí páànù yọ síta dáadáa, torí omi tó ń ta láti ilẹ̀ ló ń jẹ ẹsẹ̀ ògiri amọ̀.

Fún erùpẹ̀, àwọn ìyá amọ̀kòkò la lọ bá. Ọ̀kan fi ìka ra èyí tí a kọ́kọ́ gbé lọ, ó rẹ́rìn-ín: "Èyí dára fún ìkòkò. Bẹ́ ẹ bá fi mọlé, yóò sán." Amọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju yanrìn lọ. A bu erùpẹ̀ ibòmíràn sínú ìgò, a da omi sí i, a mì í, a gbé e kalẹ̀ kí yanrìn rọ̀ sílẹ̀ ṣáájú, kí amọ̀ bà lé e. Èyí tí yanrìn rẹ̀ pọ̀ ju amọ̀ rẹ̀ lọ la mú.

Sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan sí erùpẹ̀ ìwọ̀n méjìlá la pò. Kó tó wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀búlọ́ọ̀kù, a ó bu díẹ̀, a ó fi ọwọ́ fún un di ìṣù, a ó jù ú sílẹ̀ láti ibi àyà: tó bá fọ́ sí bíi mẹ́rin, omi rẹ̀ pé, tó bá tẹ́ pẹlẹbẹ, omi ti pọ̀, tó bá di ìyẹ̀fun, kò tó. A bo búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú ọ̀rá, a ń wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, a sì fi í sílẹ̀ títí tó fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn ọ̀dọ́ kò ní sùúrù, ariwo wọn pọ̀.

Káfíńtà fi wáyà tí a ti ri mọ́ ògiri de igi òrùlé, nítorí ìjì àkọ́rọ̀ òjò wa kì í dá páànù sí. Wọ́n ti ń gbé inú rẹ̀ báyìí. Páànù ilé ìwẹ̀ ọkùnrin ló kù.