Bí Mo Ṣe Lé Kíkorò Kúrò Nínú Ìkòkò Tábà Tuntun Bàbá Mi

Ìkòkò tábà tí àbúrò mi rà wá fún Bàbá láti ilẹ̀ Faransé rẹwà lójú, ó ń dán, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá ò tíì fà á tó ìdajì tí wọ́n fi tutọ́, tí wọ́n sì nà án sí mi. "Gba nǹkan yín. Ti amọ̀ mi tó fọ́ yẹn sàn jù ú lọ. Èyí korò dé ọ̀nà ọ̀fun."

Kí n tó lọ síwájú, mi ò rọ ẹnikẹ́ni pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í mu tábà. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ti inú ìkòkò pàápàá a sì máa fa jẹjẹrẹ ẹnu. Ṣùgbọ́n Bàbá ti ń mu tiwọn kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí wọ́n bá máa mu ún náà, kò yẹ kí wọ́n máa fa ọ̀dà mọ́ ọn.

Ohun tí Bàbá kọ́kọ́ sọ ni pé kí n rì í sínú ẹyin iná. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìkòkò amọ̀ ní Òmù-Àrán níbí nìyẹn. Bó bá ti ń korò, wọn a tì í bọ inú iná, gbogbo omi tábà tó ti mu á jó dànù, amọ̀ á sì mọ́ padà. Amọ̀ ti la iná kọjá kó tó di ìkòkò, iná ò lè ṣe é ní nǹkan mọ́. Igi ò rí bẹ́ẹ̀. Igi tí wọ́n fi ṣe ti Faransé yìí ni wọ́n ń pè ní briar, kókó tó máa ń wà nídìí igi kékeré kan tó ń hù létí Òkun Mẹditaréníà. Ìlú Saint-Claude ní Faransé ti fi iṣẹ́ yìí lókìkí fún ohun tó lé ní 150 ọdún. Wọ́n máa ń se kókó náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí oje inú rẹ̀ lè jáde, wọn á wá jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Èyí tí wọ́n bá kánjú ṣe, ẹnu ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ni oje tó kù máa bọ́ sí.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kéèyàn mọ ibi tí kíkorò ti ń wá kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó lè jẹ́ ọ̀pá tó ń bọ́ sẹ́nu, ó lè jẹ́ igi fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ohun tí wọ́n kùn sínú ikùn ìkòkò. Mo yọ ọ̀pá ẹnu kúrò. Ìgbà tí ìkòkò bá tutù pátápátá ni kí ẹ ṣe èyí o, kí ẹ sì yí i jáde díẹ̀díẹ̀, nítorí ọrùn igi tó ṣì gbóná tètè ń là. Mo fi ọ̀pá yẹn nìkan sẹ́nu, mo fa atẹ́gùn gba inú rẹ̀. Ó korò díẹ̀, ó sì ń rùn bí imí ọjọ́. Rọ́bà líle ni wọ́n fi ṣe é, imí ọjọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń sọ rọ́bà di líle. Bí oòrùn bá ń pa á níbi tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ sí, dúdú rẹ̀ á máa ṣá, á fẹ́ jọ àwọ̀ ewé gbígbẹ, ibẹ̀ ni kíkorò ti ń wá. Ìyẹn ò le. Ọṣẹ ìfọyín ni mo fi sórí aṣọ tó rọ̀, mo fi ra á títí dúdú rẹ̀ fi padà, mo ṣàn án, mo nù ún gbẹ, mo wá fi òróró bíńtín pa á lára.

Inú ikùn ni iṣẹ́ gidi wà. Mo rẹ aṣọ funfun sínú ọtí líle, mo fi ìka tì í wọlé, mo yí i lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo yọ ọ́, ó ti pọ́n bí omi osùn, ó sì tún ní ẹ̀gbẹ́ dúdú. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà náà, torí mo ti rí ọ̀tá. Àwọ̀ ni wọ́n fi pa igi náà láti òde dé inú, wọ́n sì tún kun ọ̀dà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ lé e nínú. Ìdí wà tí àwọn kan fi ń kùn ún: ó ń gba igi lọ́wọ́ iná títí tábà yóò fi hu èépá tirẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn èédú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ ara inú ìkòkò. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń korò, ṣùgbọ́n ti ìkòkò yìí ò ṣeé fara dà.

Lórí ọ̀rọ̀ ọtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì láti fi nu ojú egbò kọ́ ni kí ẹ lò. Àwọn kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti po májèlé mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà mu ún. Mi ò sì fọkàn tán ògógóró tí mi ò mọ ẹni tó pọn ọ́n. Ní ọdún 2015, èyí tí methanol, oríṣi ọtí olóró kan, wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì pa àwọn mìíràn ní ìpínlẹ̀ Rivers. Vodka inú ìgò tí wọn ò tíì ṣí, tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára, ni mo rà.

Mo gba sáńpépà kíkúnná, nọ́ńbà 220, lọ́wọ́ kápẹ́ńtà àdúgbò wa. Mo ká a mọ́ orí igi róbótó tó gba inú ikùn, mo ń yí i jẹ́jẹ́ títí ojú igi gan-an fi hàn, láti ẹnu dé ìsàlẹ̀. Ẹ má fi agbára ṣe é, ọ̀dà nìkan lẹ fẹ́ ha. Mo gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ dànù, mo wá ń fi aṣọ ọlọ́tí nù ún, mo ń pààrọ̀ aṣọ, títí ó fi ń jáde ní funfun. Fún ihò ọrùn, mo fi òwú wé orí ìgbálẹ̀ kan, mo rẹ ẹ́ sínú ọtí, mo ń tì í wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ọtí kan òde ìkòkò, á ṣí dídán rẹ̀.

Àwọn kan máa ń rọ iyọ̀ kún ikùn, wọn á kán ọtí sí i, wọn á fi í sílẹ̀ mọ́jú kó fa kíkorò jáde. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bó bá pẹ́ jù, iyọ̀ lè la igi. Òwú tí mo rẹ sínú ọtí ni mo fi dípò rẹ̀, mo kì í sínú ikùn di òwúrọ̀. Nígbà tí mo yọ ọ́, ìdí òwú náà ti ní àwọ̀ ilẹ̀: oje igi nìyẹn. Mo gbé ìkòkò sí ibòji títí òórùn ọtí fi tán pátápátá. Ọyẹ́ wà níta, nítorí náà kò pẹ́, ṣùgbọ́n mi ò sá a sóòrùn kó má baà sán.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kí n fi oyin ra inú rẹ̀ kí èépá lè tètè mú. Oyin ìgàn ò wọ́n wa níbí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí dídùn kan bo kíkorò tó bá ṣì kù mọ́lẹ̀, nítorí náà mi ò fi sí i.

Bàbá ló kù. Mo ní, "Bàbá, ẹ má kún un. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ni kí ẹ fi tábà sí, kí ẹ mu ún dé ìdí." Wọ́n ní, "Ṣé ọmọdé lò ń fún lóúnjẹ ni?" Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìsàlẹ̀ ni èépá ti ń pẹ́ kó tó mú, ibẹ̀ sì ni kíkorò máa ń sá sí, bí tábà bá kún, wọn ò ní mu ún débẹ̀. Wọ́n gbà. Wọ́n ń fà á díẹ̀díẹ̀, bó bá gbóná jù fún ọwọ́, wọn a gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n kí eérú lè kan gbogbo ara inú, kí wọ́n tó dà á nù. Nígbà tí ìsàlẹ̀ ti dúdú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdajì sí i, kí wọ́n tó wá ń kún un.

Nísinsin yìí, èépá dúdú ti yí inú rẹ̀ ká, Bàbá ò sì tutọ́ mọ́. Wọn a fún un ní ìsinmi ọjọ́ kan kí ọ̀rinrin ọrùn lè gbẹ, èmi a sì fi ìgbálẹ̀ olówùú gbá ihò rẹ̀. Bí èépá bá ti fẹ́ nípọn ju mílímítà kan ààbọ̀ lọ, mo máa ń fi ọ̀bẹ tí kò mú ha á, nítorí bó bá nípọn jù, iná á mú kó wú, á sì la igi. Mi ò kì í ha á kan ojú igi.