Ẹni tó ń gbọ́ yín wà nínú ilé: àṣìṣe tí ẹ máa ń ṣe bí gbajúmọ̀ kan bá gbẹ̀mí ara rẹ̀

Bí gbajúmọ̀ kan bá ti pa ara rẹ̀ báyìí, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ayé á ti di dókítà, wòlíì àti adájọ́. Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì àwọn alárùn ọpọlọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sì ń gbọ́. Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n tú u síta, bóyá n óò rí oorun sùn.

Èkíní, "Ṣebí ẹ̀rín ló ń rín lánàá?" Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn nígbà tí Robin Williams, apanilẹ́rìn-ín ará Amẹ́ríkà, kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́ni ọdún 63. Àwa tí à ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, àwa náà la tún ń lanu.

Èkejì, "Ojo ni." Akéde kan lórí tẹlifíṣọ̀n wọn níbẹ̀ lo ọ̀rọ̀ yẹn fún Williams, ó sì padà tọrọ àforíjì. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú wò, àìsàn tí wọ́n ń pè ní Lewy body, tó máa ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ni wọ́n bá nínú ọpọlọ rẹ̀. Parkinson, àìsàn tó ń mú ọwọ́ àti ara gbọ̀n, ni wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ó ń ṣe é. Lọ́dún 2016, ìyàwó rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn dókítà nípa ohun tójú ọkọ rẹ̀ rí kó tó kú: ìbẹ̀rù, ìfura, àìróorunsùn, ọ̀rọ̀ eré tí kò dúró lórí mọ́. Ẹni tó ru gbogbo ìyẹn, tó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ ní ojo ni?

Ẹ̀kẹta, "Ó ti sinmi, ó ti bọ́." Ó dùn létí, àmọ́ ìsinmi gan-an ni ẹni tó ń ṣàìsàn ń wá, ẹ sì ti júwe ọ̀nà fún un. Àwọn olùwádìí ka iye àwọn tó pa ara wọn ní Amẹ́ríkà láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kejìlá ọdún 2014: ó fi 1,841 ju iye tí wọ́n ń retí lọ. Mi ò ní ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n etí ń gbọ́.

Ẹ má ròyìn bó ṣe ṣe é. Ẹ má fi fọ́tò sórí wáásáàpù ẹbí. Ó tán.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dùn mí jù: "Ó lówó, ó lókìkí, kí ló tún ń wá?" Ẹ má wo ojú mi, èmi náà sọ ọ́. A kóra jọ sídìí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, à ń ka ìròyìn Williams lórí fóònù, èmi ọ̀mọ̀wé ni ohùn mi sì ròkè jù. Olùkọ́ kan tí ìsoríkọ́ gbé wá sọ́dọ̀ wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ara rẹ̀ ti ń yá, ó ti ń jẹun. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọjọ́ kẹta ló tó lanu: "Sístà, bí ẹni tó lówó kò bá lẹ́tọ̀ọ́ láti rẹ̀wẹ̀sì, èmi tí mo níṣẹ́, tí mo láya, tí mo bímọ, kí ni mo wá ń ṣe níbí?" Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Mo ti gbàwé-ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ yìí ná o!

Ìsoríkọ́ kì í béèrè iye tó wà ní báńkì. Ó lè wọlé ọlọ́rọ̀, ó lè wọlé aláàárù.

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ẹ̀kẹrin tàbí ẹ̀karùn-ún, mi ò mọ̀ mọ́. Ẹ̀rù máa ń bà yín láti bi ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì bóyá ó ń ronú àtikú, ẹ ní ẹ ó kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀. Irọ́ ni. Ẹ bi í tààrà: "Ṣé ó ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí o pa ara rẹ?" Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má kígbe, ẹ má wàásù. Ẹ jókòó tì í, ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kẹ́ ẹ sì mú un lọ sílé ìwòsàn. Ní Èkó, SURPIN, ètò tó ń ran àwọn tó ń ronú àtipa ara wọn lọ́wọ́, wà ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, fún irú èyí.

Oògùn ìsoríkọ́ ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ lò ó fọ́jọ́ márùn-ún, tí ẹ wá kó owó tó kù gun orí òkè, owó yín ṣòfò. Ẹ gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Làm̀bò, dókítà àwọn alárùn ọpọlọ, gan-an bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àrò, Abẹ́òkúta, láwọn ọdún 1950, kò torí ẹ̀ ti ilé ìwòsàn.

Ẹ sì jọ̀ọ́, "ikú yá ju ẹ̀sín" yẹn, ẹ má pa á létí ẹni tó jẹ gbèsè.

Olùkọ́ mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́. Bí gbajúmọ̀ mìíràn bá ti kú, òun ló máa ń kọ́kọ́ pè mí: "Sístà, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan o?"