Ọ̀kadà tí omi kó sí: ẹ má tíì ra CDI tuntun

Lẹ́yìn òjò ńlá, tàbí bí ọ̀kadà bá ti la ẹ̀kún omi kọjá tí kò wá fẹ́ sitáàtì mọ́, CDI, àpótí kékeré tó ń darí iná tó ń lọ sí púlọ́ọ̀gì, ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹjọ́ náà kì í ṣe ti CDI. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fi oje tó gan dí inú rẹ̀ pa, omi kì í tètè ráyè wọ ibẹ̀. Ojú ìsopọ̀ wáyà ni omi ń bá jà: inú káàpù púlọ́ọ̀gì, ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, ibi kọ́kọ́rọ́, àti bọ́tìnì tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì. Iná tó ń lọ sí púlọ́ọ̀gì lè ju fólítì 10,000 lọ. Tí omi bá wà lọ́nà, orí omi ni iná yóò gbà bọ́ sára irin, kò ní dé ẹnu púlọ́ọ̀gì.

Ọ̀kadà oníkabúrétọ̀ tó ní kíìkì, bíi Bajaj Boxer àti àwọn irú Honda CG 125, ni àlàyé yìí wà fún.

1. Ẹ má tẹ kíìkì

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ ibi tí písítìnì ti ń lọ sókè-sódò. Omi kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fi agbára tẹ kíìkì lè ba nǹkan jẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, owó kékeré kọ́ ni wọ́n sì fi ń tún ìyẹn ṣe.

Ẹ ti kọ́kì epo, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ wá fi ọwọ́ ti kíìkì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ má gbé ojú sí iwájú ihò púlọ́ọ̀gì, torí omi lè tú jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ́ìlì. Tó bá ti funfun bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti dé inú rẹ̀. Ẹ dà á nù, ẹ rọ tuntun. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá padà ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tún pààrọ̀ ọ́ìlì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí omi díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù.

2. Ẹ gbẹ ojú ìsopọ̀ gbogbo

Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà ẹ̀gbẹ́ negative lára bátìrì. Ẹ yọ káàpù púlọ́ọ̀gì. Nínú èyí tó pọ̀ jù, ṣe lẹ máa yí i sí òsì kó tó kúrò lára wáyà; èyí tí wọ́n bá dà pọ̀ mọ́ wáyà, ẹ má fà á. Ẹ gbọn omi inú rẹ̀ nù. Bí orí wáyà bá ti dúdú tàbí tó ti dógùn-ún, ẹ gé bíi mìlímítà 5 kúrò, kí ẹ wá yí káàpù padà sórí ibi tuntun.

Ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì CDI, ti kọ́ìlì (èyí tó ń sọ iná di ńlá fún púlọ́ọ̀gì), ti kọ́kọ́rọ́ àti ti bọ́tìnì ọwọ́. Ara rọ́bà ni kí ẹ ti mú un, kì í ṣe wáyà. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọkanáísà dára gan-an fún iṣẹ́ yìí, ẹ kàn má sún un mọ́ra jù. Bí ẹ bá ní WD-40 (ọ́ìlì inú agolo tó ń lé omi), ẹ fọ́n díẹ̀ sí i, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oòrùn wákàtí kan sí méjì náà tó. Ẹ má yan CDI lórí iná, ẹ má sì fi epo bẹntiróòlù fọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìrẹsì tí àwọn kan ń ri CDI sí, ẹ kúkú sè é jẹ.

3. Ẹ yẹ iná púlọ́ọ̀gì wò

Ẹ fi àkísà dí ihò púlọ́ọ̀gì, kí òórùn epo tó ń jáde níbẹ̀ má baà gbaná. Ẹ dá wáyà bátìrì padà, ẹ ki púlọ́ọ̀gì sínú káàpù, ẹ fi páláyà onírọ́bà di irin ara rẹ̀ mọ́ orí ẹ́ńjìnnì, jìnnà sí ihò. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹnì kan tẹ kíìkì. Iná aláwọ̀ búlúù tó ń ta pàrà dára. Pupa tàbí yẹ́lò tín-ín-rín, kò lágbára. Tí kò bá sí rárá, ẹ tẹ̀ lé e báyìí, láti orí ohun tí owó rẹ̀ kéré:

Púlọ́ọ̀gì tuntun ni àkọ́kọ́. Ààyè ẹnu rẹ̀ nínú irú CG jẹ́ mìlímítà 0.6 sí 0.7.

Lẹ́yìn rẹ̀, káàpù. Bí ẹ bá ní tẹ́sítà, ọ̀pọ̀ káàpù NGK ń fi nǹkan bíi 5 kilo-ohm hàn. Bí kò bá fi ohunkóhun hàn, ó ti kú.

Lẹ́yìn náà, wáyà tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì. Nínú irú CG tó ń lo CDI oníná AC (èyí tí kì í gba iná lára bátìrì), wáyà dúdú tó ní ìlà funfun ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé iná CDI lọ sára irin nígbà tí a bá pa kọ́kọ́rọ́. Omi inú bọ́tìnì lè ṣe iṣẹ́ kan náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á. Ẹ tú u, ẹ tún iná yẹ̀ wò. Bí iná bá dé, ibi kọ́kọ́rọ́ tàbí bọ́tìnì lẹ máa gbẹ. Ẹ dá wáyà náà padà kí ẹ tó sitáàtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ ò ní lè pa ẹ́ńjìnnì.

Kọ́ìlì ló kàn, àti ìdérí mágínẹ́ẹ̀tì (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná) lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì: ẹ wò ó bóyá omi wà níbẹ̀. Ìgbà tí gbogbo ìwọ̀nyí bá pé ni kí ẹ tó yá CDI lára ọ̀kadà tó bá ti yín mu ní irú àti ọdún, kí ẹ fi dánwò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà á kì í gbà á padà.

Ọ̀kadà tó ń ṣiṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó wá ń já iná lójú òjò ńkọ́? Lálẹ́, níbi tó ṣókùnkùn, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, kí ẹ fi ìgò ìfọ́nmi fọ́n omi díẹ̀ sí wáyà kọ́ìlì àti káàpù. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ibi tí ẹ bá ti rí iná búlúù tó ń sá lọ sára irin ni ibi tó ti la.

4. Bí iná bá dára, ẹ wo epo

Ẹ tú síkúrúù ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara. Omi yóò sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, epo yóò wà lókè. Bí omi bá pọ̀, ẹ da ti táǹkì náà. Fílítà afẹ́fẹ́ tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fún un, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ dáadáa. Ti pépà tó ti rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Silicone grease díẹ̀ nínú káàpù àti rọ́bà sọ́kẹ́ẹ̀tì ń lé omi jìnnà. Kí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì máa kọjú sílẹ̀. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń wé mọ́ CDI kò wù wá, nítorí ó ń gba òógùn mọ́ inú. Bí fúúsì bá jó, irú kan náà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, ẹ má fi wáyà so ó.

Níbi tí omi oníyọ̀ wà, bí etí òkun àti ọ̀sà, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ọ̀kadà lọ́jọ́ náà gan-an kí ẹ tó gbẹ ẹ́, torí iyọ̀ ń jẹ irin sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí ọ̀kadà kan fi lè ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ọ̀nà: ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ìdógùn-ún aláwọ̀ ewé lẹ máa bá nínú rẹ̀. Ẹ fi sáńpépà tó kúnná ha á.