Mótò tí wọ́n ní ó ti kú

Iṣẹ́ títún rédíò àti fáànù ṣe ni mò ń ṣe ní Alékúwodò, nítorí náà nǹkan tó ń yí kì í ṣe àjèjì sí mi. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Fóómù ni wọ́n fi ṣe é, apá rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 3 láti ìkángun dé ìkángun. Tòkunbọ̀ ni, òun àti rédíò tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Owó tó ti ń tọ́jú láti ọdún tó kọjá ló fi rà á.

"Bọ̀ọ̀dá, kò fẹ́ fò o. Wọ́n ní mótò rẹ̀ ti kú, kí n lọ ra òmíràn."

Omi ti lé sí i lójú. Mo ní kó jókòó, kó jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Mótò tó ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú ló ń sọ. Kò tó ẹyin adìẹ, irú èyí tí àwọn tó ń fò ó ń pè ní Speed 400. Wáyà 2 ló jáde lára rẹ̀, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó ní bírọ́ọ̀ṣì, ìyẹn káábọ̀n kékeré tó ń gbé iná wọ inú mótò bó ṣe ń yí. Èyí tí kò ní bírọ́ọ̀ṣì, wáyà 3 ló máa ń ní, ESC tó ń pín iná fún un sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹ má so ọ̀kan mọ́ ti èkejì.

Mo yọ abẹ̀bẹ̀ kúrò kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí abẹ̀bẹ̀ yẹn lè gé ìka. Mo wá so bátìrì tọ́ọ̀ṣì 2 mọ́ mótò náà tààrà. Ó gbọ̀n, ó dúró. Mo fi ìka tì í, ó yí díẹ̀, ó tún dúró síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀. Mo yí mítà sí ohm, ìyẹn ibi tó ti ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́, mo ń fọwọ́ yí irin rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: mítà ń ka nǹkan tí kò tó ohm 1, àfi tó bá dé ibì kan báyìí, á sì fò lọ bí ẹni pé wáyà já. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìgbọ̀nà máa ń sọ fún wa pé, "Bírọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, kẹ́ ẹ tó fura sí wáyà." Òun ni mo tẹ̀ lé.

Mo fi ìṣó fa ìlà sára ìdérí àti agolo mótò náà kí wọ́n lè padà sójú ibi tí wọ́n wà, torí bí ìdérí bá yẹ̀ díẹ̀, ìgbà tí bírọ́ọ̀ṣì ń fún wáyà níná á yí padà. Irin pẹlẹbẹ 2 tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ìdérí ni mo rọra gbé sókè. Bàbà tí bírọ́ọ̀ṣì ń fi ara ha dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹnì kan ti da epo sí irin rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Epo náà ti ṣàn dé orí bàbà, ó pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú káábọ̀n, ó sì ti di ẹrẹ̀. Bàbà yẹn pín sí ọ̀nà 3, ẹrẹ̀ náà sì ti bo ọ̀kan mọ́lẹ̀ tí iná ò fi lè wọ ibẹ̀. Òwú àti sípíríìtì ni mo fi nù ún, mo fi sáńpépà tó kúnná jù lọ kàn án fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, mo wá fi igi ìtayín gbọ́n ohun tó wà nínú àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó pọ́n yòò. Bírọ́ọ̀ṣì ṣì gùn dáadáa.

Ibi tó le ni dídé e padà. Sípíríǹgì máa ń ti bírọ́ọ̀ṣì wọnú, bàbà ò sì ní rọ́nà kọjá. Òwú ìránṣọ ni mo fi fa bírọ́ọ̀ṣì méjèèjì sẹ́yìn, mo dé e tán kí n tó fa òwú náà yọ. Mo jẹ́ kó máa yí jẹ́jẹ́ lórí bátìrì tọ́ọ̀ṣì 2 yẹn fún wákàtí kan gbáko láìsí abẹ̀bẹ̀, kí ojú bírọ́ọ̀ṣì lè bá ti bàbà mu.

Inú ọmọ náà ti ń dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dá abẹ̀bẹ̀ padà, tí a so ọkọ̀ náà mọ́ tábìlì, tí a ṣí iná sí i dé òpin, kò lè fa nǹkan kan. Bátìrì tó bá a wá jẹ́ ti nickel, sẹ́ẹ̀lì 6. Mítà ka fóltì 7.4 lórí rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣebí bátìrì dáa báyìí?"

Mo ní kó fi mítà síbẹ̀ kí n tún ṣí iná. Ó já wálẹ̀ sí 4.6 lójú rẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ èyí dájú: fóltì tí ẹ kà nígbà tí mótò ò ṣiṣẹ́ ò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ jẹ́ kó ru ẹrù ná, kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n.

A pa bátìrì yẹn tì, a ra bátìrì lithium méjì, sẹ́ẹ̀lì 2 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, iná 1300 mAh ló ń gbà. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ kò tíì tó láti fò. Bí mótò ṣe ń yí, fóltì 7.6 ló wà lórí bátìrì, 5.9 péré ló dé ẹnu mótò. Ámpíà 9 ló ń kọjá. Fóltì 1.7 ló ń sọnù lójú ọ̀nà, ẹ fi ámpíà 9 sọ ọ́ di púpọ̀: wáàtì 15 ló ń di ooru lásán. Níbí ní Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè wà, 330 kV sì ni wọ́n fi ń gbé iná lọ ọ̀nà jíjìn. Ìdí kan náà ni: kí ámpíà tó ń kọjá nínú wáyà lè kéré, kó má baà parẹ́ sínú ooru. Fóltì 7 ò ní irú àǹfààní yẹn, nítorí náà wáyà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, kó sì kúrú.

Láti mọ ibi tó ń sọnù sí, mo fi ẹnu mítà kan sí ìbẹ̀rẹ̀ wáyà, mo fi èkejì sí òpin wáyà kan náà, mo ní kí ọmọ náà ṣí iná. Bí wáyà bá dáa, ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ ka òdo. Ẹnì kan ti fi wáyà sípíkà rọ́pò èyí tó bá ESC wá, inú plọ́ọ̀gì sì ti hu àwọ̀ ewé. Mo fọwọ́ kan plọ́ọ̀gì náà, ó gbóná janjan. Mo gé gbogbo rẹ̀ dànù, mo fi wáyà tó nípọn àti plọ́ọ̀gì tuntun sí i. Ohun tó ń sọnù di 0.3.

Ìyọnu kan ló kù. Bí mótò bá ti ń yí, ìrù ọkọ̀ á máa gbọ̀n fúnra rẹ̀. Rédíò àtijọ́ ni, 35 MHz, iná tó ń ṣẹ́ lẹ́nu bírọ́ọ̀ṣì ló sì ń dí i lọ́wọ́. Mo yọ kapásítọ̀, ohun kékeré tó ń gba irú iná ṣíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ra, lára rédíò mìíràn tó ti bàjẹ́: ọ̀kan tí wọ́n kọ 104 sí lára láàárín ẹnu mótò méjèèjì, 473 kọ̀ọ̀kan láti ẹnu kọ̀ọ̀kan sí ara agolo. Mo ha ara agolo náà kí lẹ́ẹ̀dì tó mú. Ìrù dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ní ti bátìrì, ESC àtijọ́ yìí ò mọ ìgbà tó yẹ kó dá iná lithium dúró. Bí fóltì sẹ́ẹ̀lì kan bá já wálẹ̀ tí kò tó 3 mọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Aago kékeré kan ni mo so mọ́ ọn, ó máa ń han bí sẹ́ẹ̀lì kan bá dé 3.4. Ámpíà 1.3 la fi ń gba iná sí i, lórí tálì, lójú wa. Mi ò gbà kí ọmọ náà sùn tì í.

Lọ́jọ́ Sátidé kejì, kí oòrùn tó mú, a lọ sí pápá ilé-ìwé kan ní Òkè Báalẹ̀, a ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Ọmọ náà ti fi eré orí kọ̀ǹpútà kọ́ ìfò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo kọjú ọkọ̀ sí atẹ́gùn, mo jù ú. Ó rẹlẹ̀ díẹ̀, ó gbé imú sókè, ó sì kọjá lórí igi máńgòrò. Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀. Ó di rédíò mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́. Ní ìṣẹ́jú kẹfà, aago bẹ̀rẹ̀ sí í han lókè, ó sì mú un balẹ̀ sínú koríko.

Mo sáré lọ fọwọ́ kan mótò. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, mo lè dì í mú. Plọ́ọ̀gì tutù.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé bátìrì kejì ti kún?"