Ẹ̀yin tó ń kọ ìròyìn ìbò abẹ́lé Amẹ́ríkà, àṣìṣe tí ẹ kò yé ṣe rèé

Ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà kò ní mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè. Kò sí ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kankan tó ní in. Síbẹ̀, bí àsìkò ìbò abẹ́lé ti ààrẹ bá ti dé, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi kọ ọ́ pé mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Georgia ló kéde èsì. Ó rí Secretary of State nínú ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì túmọ̀ rẹ̀ bíi ti ìjọba àpapọ̀ ní Washington, níbi tí oyè yẹn ti jẹ́ ti mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè. Akọ̀wé ìpínlẹ̀ ni. Ará ìlú ló dìbò yàn án, ètò ìdìbò ìpínlẹ̀ sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn, orúkọ oyè. Sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ Texas kì í jókòó ní Washington, Austin ló ń jókòó sí. Kọmíṣánnà káńtì (ìyẹn bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn) ní Texas kì í ṣe ẹni tí gómìnà yàn, ìbò ló gbé e débẹ̀. Federal Election Commission náà kì í ṣe INEC Amẹ́ríkà: owó ìpolongo fún ipò ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ń ṣọ́, kì í ka ìbò ẹyọ kan.

Èkejì, ọjọ́. Ìbò abẹ́lé ti ààrẹ àti ti ipò ìpínlẹ̀ lè má bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Lọ́dún 2024, Texas, California àti North Carolina ṣe méjèèjì pọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta. Florida ṣe ti ààrẹ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta, ó ṣe ti ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ. New York, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 25 oṣù kẹfà. New Hampshire tí gbogbo ayé ń sáré lọ ní oṣù kìíní, ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ló tó mú ẹni tí yóò díje fún gómìnà. Ẹni tó bá ná owó bàálù àti òtẹ́ẹ̀lì lọ síbẹ̀ ní oṣù kìíní nítorí ìròyìn gómìnà, ó ti fowó ṣòfò.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ tó kọ “ó gba tíkẹ́ẹ̀tì”, ẹ wo òfin. Ní Texas, ẹni tí kò bá gba ju ìdajì ìbò lọ máa bá ẹni tó ṣe ipò kejì padà lọ sí ìpele kejì. Ní North Carolina, ìdá 30 nínú 100 àti ìbò kan lé ti tó. Ní California, ẹni méjì tó bá ṣáájú fún ipò ìpínlẹ̀ ló ń tẹ̀ síwájú, wọn ì báà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ti ààrẹ lórí ìwé ìdìbò kan náà, ẹgbẹ́ kálukú ló ń ṣe tirẹ̀. Dade Phelan, tó jẹ́ abẹnugan ilé aṣòfin kékeré Texas nígbà náà, ṣe ipò kejì ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta 2024. Àwọn kan ti kọ ọ́ pé ó ti lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, ó wọlé pẹ̀lú àlékún ìbò tí kò tó 400.

Ẹ má pe ìbò abẹ́lé tí olùdìbò kò ní láti forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ ẹgbẹ́ kó tó dìbò, bíi ti Texas, ní ìbò ọmọ ẹgbẹ́ nìkan.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tó ń bí ni nínú jù: kíkéde ẹni tó wọlé nígbà tí ìbò ṣì wà lójú ọ̀nà. “Ìdá 99 nínú 100 ibùdó ìdìbò ti mú èsì wá.” Ó dáa. Kí ni gbólóhùn yẹn sọ nípa ìbò tí wọ́n fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà? Kò sọ nǹkan kan. Ibùdó lè mú èsì wá tán kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà ṣì wà nínú àpò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ya. Ní Illinois, lẹ́tà tí wọ́n bá ti fi òǹtẹ̀ lù tó pẹ́ jù ní ọjọ́ ìdìbò ṣì wúlò tó bá dé láàárín ọjọ́ 14. Ní California lọ́dún 2024, ọjọ́ 7 ni, káńtì sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti ka gbogbo rẹ̀ tán. Nítorí náà, nọ́ńbà tí ẹ óò máa wá ni iye ìbò tó kù, kì í ṣe iye ibùdó tó ti ròyìn.

Ẹ wo Cook County, níbi tí Chicago wà. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta 2024, nígbà tí ti ààrẹ ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn lé lórí mọ́, ẹgbẹ́ Democrat ń yan ẹni tí yóò díje fún ipò agbẹjọ́rò ìjọba káńtì, ẹni tó ń pinnu irú ẹ̀sùn tí wọ́n óò fi kan ọ̀daràn. Eileen O'Neill Burke fi nǹkan bí 10,000 ìbò ṣáájú Clayton Harris lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn oníkánjú kọ ìròyìn, wọ́n sùn. Lẹ́tà ń dé, àlàfo ń dín kù lójoojúmọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, agbẹnusọ àjọ ìdìbò Chicago tún jáde wá tọrọ àforíjì: ó ti gbàgbé láti ka lẹ́tà tó ju 9,000 lọ mọ́ iye tó kù. Ọjọ́ 29 ni Harris tó gbà pé òun pàdánù, nígbà tí ìyàtọ̀ ti rọ̀ sí nǹkan bí 1,500 nínú ìbò tó ju 500,000 lọ. Ẹni tó ṣáájú ló wọlé lóòótọ́. Ìyẹn kò wí pé ẹni tó kéde rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kìíní mọ ohun tó ń sọ.

California náà ńkọ́? Àbá kìíní (Proposition 1), àbá tí ará ìlú ń fi ìbò pinnu, ti ẹ̀yáwó bílíọ̀nù 6.38 dọ́là fún ìtọ́jú ọpọlọ àti ilé gbígbé, wà lórí ìwé ìdìbò ọjọ́ 5 oṣù kẹta 2024. Ọjọ́ 20 ni iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press tó kéde pé ó yege, pẹ̀lú díẹ̀ lé ní ìdajì ìbò.

Owó ìpolongo tún wà níbẹ̀. Ẹ má wá olùdíje ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ Federal Election Commission, kò sí níbẹ̀. Ẹ má sì sanwó fún ẹni tó ní òun máa bá yín wá a. Ti Texas wà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Texas Ethics Commission. Ẹni tó bá ní alátakò ń fi ìwé sílẹ̀ nígbà tó bá ku ọgbọ̀n ọjọ́ sí ìdìbò, ó tún ń fi òmíràn sílẹ̀ nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́jọ. Ti ọjọ́ mẹ́jọ yẹn ni kí ẹ dúró dè, ibẹ̀ ni owó ìparí máa ń farahàn sí.

Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn Texas ọdún 2024 wà, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń kọ Trump àti Nikki Haley tó ń bá a du tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ. Ní oṣù kọkànlá 2023, ilé aṣòfin kékeré fi ìbò 84 sí 63 yọ ètò owó ìjọba fún iléèwé aládàáni kúrò nínú àbá òfin kan. 21 ọmọ ẹgbẹ́ Republican wà lára àwọn tó yọ ọ́. Ní oṣù kejìlá, Jeff Yass, olówó kan láti Pennsylvania, fún gómìnà Greg Abbott ní mílíọ̀nù 6 dọ́là. Kò rú òfin, Texas kò fi gbèdéke lé irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ fún gómìnà. Abbott wá ń ti àwọn alátakò ọ̀pọ̀ nínú àwọn 21 yẹn tó tún díje lẹ́yìn ní àgbègbè wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó yọ ètò náà tí wọ́n tún díje pàdánù, àwọn kan ní oṣù kẹta, àwọn kan ní oṣù karùn-ún. Lọ́dún 2025, ètò iléèwé náà kọjá, bílíọ̀nù kan dọ́là, Abbott sì fọwọ́ sí i. Àwọn tó kọ ọ́ nígbà náà bí ohun tó ṣàdédé ṣẹlẹ̀ kò ka ìsàlẹ̀ ìwé ìdìbò ọjọ́ 5 oṣù kẹta.