Bí ẹ ṣe lè kó fọ́tò Ojúde Ọba sórí Storj láì fi dátà ṣòfò

Ẹni tó bá ya Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, láti ìgbà tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àkọ́kọ́ ti wọlé títí tí ẹṣin ìkẹyìn fi kọjá, fáìlì RAW (fọ́tò bí kámẹ́rà ṣe yà á gan-an) tó máa gbé relé lè tó 40GB. Inú háàdì dísìkì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ sábà máa ń wà, ọjọ́ tí dísìkì náà bá sì já bọ́ lórí tábìlì, iṣẹ́ ọdún kan lọ nìyẹn.

Storj jẹ́ ibi tí a ń kó fáìlì pa mọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń ṣe kò sì ṣòro yé. Wọ́n á ti fáìlì pa, wọ́n á gé e sí ègé tí kò ju 64MB lọ, wọ́n á sì sọ ègé kọ̀ọ̀kan di wẹ́wẹ́. Nínú ìlànà tí wọ́n kéde, wẹ́wẹ́ 80 ni, ọ̀dọ̀ àwọn onídísìkì káàkiri ayé ni wọ́n ń fọ́n wọn ká sí. Ó dà bí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni 80: èyíkéyìí 29 tó bá yọjú, iṣẹ́ ti ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà onídísìkì kan fi lè kú láì pa fọ́tò yín lára.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé inú blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, ni fọ́tò ń gbé. Lọ́dọ̀ Storj, orí blockchain tó ń jẹ́ Ethereum ni tókìnnì (owó orí íntánẹ́ẹ̀tì) tí wọ́n fi ń sanwó fún àwọn onídísìkì wà. Àkọsílẹ̀ ibi tí wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan wà ńkọ́? Orí sáfà tí wọ́n ń pè ní satellite ló wà. Filecoin, tóun náà ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì, lo blockchain jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ojoojúmọ́ ni ẹni tó ń tọ́jú ẹrù gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá sórí rẹ̀ pé ẹrù ṣì wà. Ṣùgbọ́n 32GiB tàbí 64GiB ni wọ́n fi ń di ẹrù níbẹ̀, kò rọrùn fún onífọ́tò kan. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wọ Storj, ibẹ̀ sì ni dátà ti ń ṣòfò. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀ ló ń ṣe wẹ́wẹ́ náà. Torí pé 80 jẹ́ ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ 29, ó tún lé díẹ̀, 40GB á di nǹkan bí 110GB kó tó jáde nílé. Ọ̀nà kejì ni gateway S3, sáfà Storj tó ń gba fáìlì lẹ́nu ọ̀nà: 40GB lẹ rán, 40GB ló jáde, gateway ló ń gé wẹ́wẹ́ lọ́hùn-ún. Tí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń rán 5Mbps, ọ̀nà kejì á gbà yín ní nǹkan bí wákàtí 18, ọ̀nà àkọ́kọ́ á sì lé díẹ̀ ní ọjọ́ méjì gbáko. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ iye tí dátà ń jẹ́ ti yan ọ̀nà kejì báyìí.

Àbùkù rẹ̀ ni pé kọ́kọ́rọ́ yín máa ń kọjá lọ́wọ́ gateway. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ fi crypt tó wà nínú rclone, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó fáìlì ránṣẹ́, ti fáìlì pa kó tó kúrò nílé.

Ẹ ṣí àkáǹtì Storj, ẹ yan passphrase (ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ti fáìlì yín pa), ẹ dá bucket, ìyẹn àpò tí fáìlì ń wọ̀, sílẹ̀. Lẹ́tà kékeré ni kí ẹ fi sọ ọ́ lórúkọ, kò gbọdọ̀ ní àlàfo, àmì - ni kí ẹ fi dípò rẹ̀: ojude-oba. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ S3 méjèèjì (access key àti secret key), ẹ fún un láyè láti kà, láti kọ àti láti tò, ṣùgbọ́n ẹ má fún un láyè láti pa nǹkan rẹ́. Olè tó bá jí laptop yín kò ní lè pa ẹrù run. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ rclone config, ẹ yan s3, ẹ yan Storj, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ sí i, endpoint rẹ̀ ni gateway.storjshare.io. Ká ní storj lẹ sọ ọ́. Ẹ tún tẹ n, ẹ yan crypt, ẹ sọ ọ́ ní apoti, ẹ darí rẹ̀ sí storj:ojude-oba, ẹ fún un ní pásíwọọ̀dù méjì. Ó kù kí ẹ rán an:

rclone copy D:\OjudeOba apoti:odun-yii --transfers 2 --max-size 200M --bwlimit 500k --progress

Ẹ ṣọ́ra fún bwlimit yẹn, tó ń dín eré ìfiránṣẹ́ kù. Báìtì ló ń kà, kì í ṣe bit, bit mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan: 500k jẹ́ nǹkan bí 4Mbps. Ẹni tó kọ 4M, tó rò pé 4Mbps lòun kọ, ó lé ní 32Mbps tó gbà láyè, ìyẹn ni pé kò dín nǹkan kan kù, àwọn ará ilé kò sì ní rí WhatsApp lò.

max-size 200M ń mú kí fọ́tò lọ ṣáájú fídíò. Bí iná bá lọ, ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ̀: èyí tó ti dé tán, rclone á fò ó, èyí tó wà lójú ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Fọ́tò 30MB tó tún bẹ̀rẹ̀ kò dun ẹnikẹ́ni, àmọ́ fídíò 4GB tí iná pa ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹkún ni. Ẹ dúró de ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà bá dúró dáadáa, kí ẹ tó yọ max-size kúrò. Copy sì ni kí ẹ máa lò, kì í ṣe sync: sync máa ń fẹ́ pa ohun tí kò bá sí lórí dísìkì yín mọ́ rẹ́ lọ́hùn-ún.

Bí ẹ bá wọ àkáǹtì lórí fóònù tí bucket sì dà bíi pé ó ṣófo, ẹ má pariwo. Passphrase tó yàtọ̀ díẹ̀, àní àlàfo kan ṣoṣo lẹ́yìn rẹ̀, Storj á gbà á láì sọ pé ó kùnà. Kò kàn ní fi fáìlì hàn ni. Ẹ tún un tẹ̀. Passphrase tó bá ti sọnù pátápátá, kò sẹ́ni tó lè bá yín rí i.

Kí ẹ tó nu dísìkì, rclone check pẹ̀lú --size-only á fi ohun tó ṣẹ́ kù hàn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ dátà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ passphrase, kọ́kọ́rọ́ S3 àti pásíwọọ̀dù crypt méjèèjì sórí bébà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Ṣàgámù, ẹ fi bébà náà nìkan tún rclone ṣe lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, kí ẹ gba fọ́tò mẹ́wàá padà, ẹ ṣí wọn wò. Bí wọ́n bá ṣí, ẹ fi bébà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.